Ta Ní Ń Gba Òṣìṣẹ́ Tuntun Lálejò Ní Yunifásítì?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kò sí ibi tí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbé hàn tó inú ọgbà yunifásítì. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ níbẹ̀ lè ní ìwé ẹ̀rí tí ó ga ju ti gbogbo àwọn tí ó bá nínú ọ́fíìsì lọ, síbẹ̀ kò ní í mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí ní àárọ̀, kò ní í mọ ìdí tí fáìlì kan fi jókòó sí orí tábìlì kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta, kò sì ní í mọ ọjọ́ tí òun lè lọ sí ọ́fíìsì owó kí wọ́n dá òun lóhùn. Ìlú kan láàyè ara rẹ̀ ni yunifásítì. Ó ní ọba, ó ní ìjòyè, ó ní àdúgbò, ó ní ọjà, ó sì ní èèwọ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé àwa nìkan ni wọ́n ń kí káàbọ̀ sí ìlú yìí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé fún wa, tí a ń wọ ẹ̀wù gígùn, tí a ń búra, tí irú ẹgbẹ́ tiwa yìí náà ń se oúnjẹ tí ó ń lùlù fún àwọn ọmọ tuntun. Ta ni ó ń ṣe irú rẹ̀ fún akọ̀wé, fún awakọ̀, fún agbálẹ̀, fún olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́? Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ọ̀nà náà sì bá bí Yorùbá ti ń gba ènìyàn mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́ mu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó ń kà á sí iṣẹ́ ni, àwọn kan sì wà láàárín wa tí kò kàn rárá.

Kí a má parọ́, àwọn aláṣẹ kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Bí ènìyàn bá gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, yóò lọ sí Rẹ́jísírì, yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù lóríṣiríṣi, dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ó bá kú (èyí a máa já àwọn mìíràn láyà), wọn yóò sì ṣí fáìlì fún un. Wọ́n tún lè pe àwọn ẹni tuntun jọ sí gbọ̀ngàn kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí àwọn ọ̀gá wá sọ ìtàn yunifásítì àti òfin iṣẹ́ fún wọn. Ètò yìí dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀, wọn kì í kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ti lo oṣù púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí gbọ̀ngàn náà tó ṣí, tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n ń kí onílé káàbọ̀ sí ilé ara rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń wọ ènìyàn lára, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn baba wa. Nígbà tí òbí bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí télọ̀, ọ̀gá ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá ni ó gba ọmọ, ọ̀gá náà ni yóò sì gbàdúrà fún un ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù rí mọ̀ pé ọ̀gá kì í dá ọmọ iṣẹ́ kọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀ ni ó ń fi han ọmọ tuntun bí a ti ń di ẹwìrì mú, tàbí bí a ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, àwọn ni ó ń sọ fún un pé bí ọ̀gá bá dákẹ́ báyìí, kí ó má bèèrè owó. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárò àti ọ̀wẹ̀, tí àwa tí a ń kọ́ nípa àṣà mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá kan nílẹ̀, ó pe ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́, ó sì bọ́ wọn yó. Àwọn tí ó dá àárò jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, oko ẹni kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kàn ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé, ẹni tí a bá sì bá ro oko lónìí gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn ro tirẹ̀ lọ́la. Ìgbàlejò òṣìṣẹ́ ní yunifásítì fara jọ àárò, ṣùgbọ́n ó ní ìyàtọ̀ kan. Akọ̀wé àgbà tí ó kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́ kò retí pé ọmọ náà yóò wá kọ́ òun níṣẹ́ padà. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ọmọ náà yóò san gbèsè rẹ̀ fún.

Nínú ọ́fíìsì

Ẹ jẹ́ kí á mú akọ̀wé tuntun kan kí á tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò bá pàdé ni fáìlì. Wọ́n ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó mọ̀wé, ó lè kọ lẹ́tà tí ó gún régé, ṣùgbọ́n ó ní bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì: a gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà sí ojú ewé ní títò, a kì í yọ ewé kankan kúrò, a gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ojú ewé tí lẹ́tà tí à ń fèsì sí wà, a sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ipò ẹni, kì í ṣe sí orúkọ rẹ̀. Yóò rí i tí ọ̀gá kọ "KIV" sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kan. Bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí fáìlì náà ṣì wà nítòsí títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó, ó lè gbé e padà sí inú àká, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yóò sì sùn síbẹ̀. Ó tún ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ ìrìn àjò fáìlì sí: ta ni ó gbé e, ọjọ́ wo ni ó gbé e, ta ni ó fi ọwọ́ sí i pé òun gbà á. Bí fáìlì ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá sọnù, ìwé yìí ni ẹlẹ́rìí.

Èyí kò sí nínú ìwé òfin tí wọ́n fún un. Màmá kan tí ó ti lo ogún ọdún lórí àga kan náà ni yóò kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn: gbogbo ilé náà ń pè wọ́n ní Màmá, títí kan àwọn ọ̀gá tí ó jù wọ́n lọ ní ipò. Màmá yóò tún sọ àwọn ohun mìíràn fún un tí kò jẹ mọ́ fáìlì. Yóò ní kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tí yunifásítì bá kọ sí i, kí ó kó wọn pamọ́ sí ilé, pàápàá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ àti lẹ́tà tí ó fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tuntun lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Òfin 2012 sọ ọ́ di ọdún 65 kí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í ṣe olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó sì sọ ọ́ di 70 fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí ó wọlé ní ọmọ ọdún 27 yóò lo ọdún 38. Ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ, lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn wà lára ohun tí àwọn tí yóò san ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò bèèrè, fáìlì tí ó wà ní ọ́fíìsì sì ti lè rìn títí kí ó ti fàya. Yóò tún rán an létí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ ènìyàn wò lọ́dọọdún, nítorí pé ẹni tí kò bá kọ tirẹ̀ ní àsìkò lè rí i pé àwọn tí wọ́n jọ wọlé ti gba ìgbéga, òun nìkan ni ó kù sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ní gbogbo ìgbà tí Màmá ń kọ́ ọmọ yìí, iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Kò sí ibi tí fọ́ọ̀mù ọdọọdún náà ti bèèrè pé ènìyàn mélòó ni ó kọ́ níṣẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Ọ̀nà kejì tí ẹni tuntun ń gbà wọ ìlú yìí hàn sí gbogbo ayé: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 1978 ni ìjọba ológun tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tò. Ní ọdún náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, jáde láti ara ẹgbẹ́ NAUT tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní 1965. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ ní NASU, àwọn àgbà láàárín wọn ní SSANU, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láábù sì ní NAAT. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbọ́ orúkọ wọn àfi bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, a ó sì máa ṣépè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọn kò yanṣẹ́ lódì pọ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n yan án lọ, ohun tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ó kan ọ̀rọ̀ wa.

Ní ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ni ẹni tuntun ti ń mọ bí a ti ń ka ìwé owó oṣù. Ẹ má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni. Owó tí a kọ sí inú lẹ́tà kì í ṣe iye tí ó ń dé ọwọ́, torí pé owó orí wà níbẹ̀, owó pẹ́ńṣàn wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, owó ẹgbẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi sí ìpele tí kò yẹ ẹ́ lè máa gba owó tí kò pé fún ọdún gbọọrọ láìmọ̀, bí kò bá sí ẹni tí ó jókòó tì í tí ó fi tirẹ̀ wé e. Níbẹ̀ náà ni ó ti ń mọ bí a ti ń kọ̀wé fẹ̀sùn kàn láìbu ọ̀gá kù, àti ẹni tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé òun bí wọ́n bá pe òun síwájú ìgbìmọ̀. Bí ó bá bímọ, ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá kí i. Bí òbí rẹ̀ bá kú, wọn yóò wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e lọ sí ìlú rẹ̀. Láti 2005, òfin sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú òṣìṣẹ́ kankan wọ ẹgbẹ́. Àwọn kan kà á sí ọ̀nà láti sọ ẹgbẹ́ di aláìlágbára, bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní èrè kan tí n kò rò pé àwọn tí ó ṣe òfin náà retí: ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá ẹni tuntun kàn, kí ó fi ìwà fà á mọ́ra.

Nípa ti ìdàgbàsókè òṣìṣẹ́, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ìjọba ológun fi òfin de ASUU ní 1988, wọ́n sì tún fi òfin dè é ní 1992. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1992 kan náà, wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Láti inú àdéhùn yìí ni òfin owó orí fún ètò ẹ̀kọ́ ti jáde ní 1993, tí ó mú kí àwọn ilé iṣẹ́ máa san lára èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Ní 2011, òfin mìíràn sọ ọ́ di TETFund, ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí a fi ń gba ẹ̀kọ́ ni ó ní orúkọ yìí lára ògiri, ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́. Owó yìí ni ó ti rán ọ̀pọ̀ olùkọ́ kékeré lọ gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, nílé àti lókè òkun. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹnu ara wọn bèèrè, nígbà tí ìjọba ń fi òfin dè wọ́n, ni ó wá di àpò tí a fi ń dá olùkọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́ títí di òní. Àbùkù kan wà lára rẹ̀: orúkọ tí wọ́n sọ ètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé olùkọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Akọ̀wé tí ó fẹ́ ka ìwé sí i kò rí irú àpò bẹ́ẹ̀ tí ó jinlẹ̀ tó.

Alájẹṣẹ́kù

Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ yunifásítì dá sílẹ̀ fúnra wọn tí ó ń ran ẹni tuntun lọ́wọ́ jù lọ, Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ni n ó mú. Àjọ àti èésú ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ní 1934, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. F. Strickland kọ àbọ̀ ìwádìí fún ìjọba lórí bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe lè fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ṣòfin lé e ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì dé, ní Ìbàdàn ní 1948, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó ní 1962, àwọn òṣìṣẹ́ mú ẹgbẹ́ náà wọ inú ọgbà, nítorí pé owó oṣù tí ń wọlé ní ọjọ́ kan náà mú un rọrùn láti yọ owó láti orísun.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹni tuntun yóò gba fọ́ọ̀mù, yóò san owó ìwọlé, yóò sì sọ iye tí kí wọ́n máa yọ lóṣooṣù. Bí ó bá ti dá owó fún àkókò tí òfin ẹgbẹ́ là sílẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó lè yá ìlọ́po méjì iye tí ó ti dá. Èlé rẹ̀ kéré sí ti báńkì, èlé náà kò sì lọ sí òde: lópin ọdún wọn yóò ṣírò èrè, wọn yóò sì pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tún ń ra ìrẹsì, ẹ̀rọ amómitutù, alùpùpù, àní wọ́n ń ra ilẹ̀ fún ìpín, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà ní àyíká àwọn yunifásítì wa, owó alájẹṣẹ́kù ni ó gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dìde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni mo fi mú un. Ẹni tí yóò yá owó gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Bí ó bá sá lọ, owó àwọn méjèèjì ni wọn yóò fi dí i. Níbo ni ẹni tí ó dé lánàá yóò ti rí onídùúró méjì? Ó di dandan kí ó jáde kúrò ní yàrá rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ òun, kí ìwà rẹ̀ sì ṣeé fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ní ọjọ́ tí awakọ̀ kan bá fọwọ́ sí ìwé fún olùkọ́, tàbí tí olùkọ́ kan fọwọ́ sí i fún awakọ̀, ìgbàlejò ti parí; àwọn méjèèjì ti di ará ilé kan náà. N kò mọ ètò gbọ̀ngàn kan tí ó lè ṣe èyí.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ náà fún àwọn tí ó ń darí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń dìbò yan ààrẹ, akọ̀wé àti akápò, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dúró síwájú ìpàdé ọdọọdún kí wọ́n ṣàlàyé gbogbo kọ́bọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kò ju kí ó máa gbé fáìlì lọ lè jẹ́ akápò níbẹ̀, kí ó sì máa bi ọ̀jọ̀gbọ́n nípa gbèsè rẹ̀ láìgbọ̀n.

Ewu kan wà nínú rẹ̀. Orí owó oṣù ni gbogbo ilé náà dúró lé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì sínú ètò ìsanwó IPPIS ní 2020, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ figbe ta pé owó tí ó yẹ kí wọ́n yọ fún ẹgbẹ́ àti alájẹṣẹ́kù kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ín lásìkò. Ní 2022, ASUU yanṣẹ́ lódì láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, ìjọba sì dá owó oṣù dúró. Oṣù mẹ́jọ! Ẹni tí ó yá owó alájẹṣẹ́kù kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ kò rí owó san, ẹni tí ó ń retí àtiyá kò rí owó yá, àwọn onídùúró sì ń wojú ara wọn. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba pinnu pé kí àwọn yunifásítì kúrò nínú IPPIS.

Láàárín àwọn olùkọ́

Ti àwọn olùkọ́ kò gba àlàyé púpọ̀, nítorí pé a ń rí i. Olùkọ́ tuntun kò kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Ohun tí ó kọ́ ni èdè tàbí ìtàn tàbí kẹ́mísírì. Àgbà ni ó ń fi han án bí a ti ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò, bí a ti ń máàkì ìwé 300 kí ọwọ́ má dùn sí ẹni ìkẹyìn ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Sẹ́mínà ẹ̀ka ni gbàgede ìfinimọ̀lẹ̀ wọn. Ẹni tuntun yóò ka iṣẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà yóò sì tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù aláròóbọ̀. Bí ó bá jókòó tì í títí dé òpin, tí ó fi ẹ̀rín dáhùn, tí ó sì lọ tún un ṣe, ó ti wọlé nìyẹn. Ní Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kà ní sẹ́mínà ẹ̀ka Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà di ìwé tí a ṣì ń tọ́ka sí.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó wà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò nínú kíláàsì, "fọ́nrán ìhun", "mọ́fíìmù", "àpólà", kò já láti ọ̀run. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó pé jọ, tí wọ́n jiyàn lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe, tẹ̀ lé e ní 1990. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá gba iṣẹ́ lónìí bá ilé tí a ti kọ́ sílẹ̀ dè é, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ.

Àwọn tí kò kàn

Mo ti sọ pé àwọn kan kò kàn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lónìí, àwọn tí ń gbá ilẹ̀, tí ń ro àyíká, àti díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ yunifásítì mọ́. Kọngílá ni ó gbà wọ́n, kọngílá ni ó ń san owó fún wọn. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Wọn kò ní fáìlì ní Rẹ́jísírì, nítorí náà kò sí Màmá kankan tí ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kó lẹ́tà pamọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ ní lẹ́tà. Owó wọn kò gba ọ́fíìsì owó yunifásítì kọjá, nítorí náà kò sí ibi tí alájẹṣẹ́kù yóò ti yọ ọ́. Wọn kò sí nínú NASU. Bí kọngílá bá yí padà, agbálẹ̀ tí ó ti mọ gbogbo igun ilé náà fún ọdún mẹ́wàá lè padà di ẹni tuntun, tàbí kí ó má padà wá mọ́. Àwọn ni ó ń kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì wa láàárọ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ wọn?

Bákan náà ni ti àwọn yunifásítì aládàáni, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní ìwé àṣẹ ní 1999. Ní púpọ̀ nínú wọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ètò gbọ̀ngàn wọn lè dán ju ti ìjọba lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ta ni yóò sọ fún ẹni tuntun pé owó rẹ̀ kò pé?

Àwọn kan yóò ní kí àwọn aláṣẹ kúkú gba gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe, kí wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún un. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí Màmá ń sọ fún ọmọ tuntun, ọ̀gá kò lè sọ ọ́, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ bí a ti ń dáàbò bo ara ẹni lọ́wọ́ ọ̀gá. Ohun tí àwọn aláṣẹ lè ṣe ni pé kí wọ́n fún iṣẹ́ náà ní àyè: kí wọ́n fi ọ̀sán kan sílẹ̀ lóṣù fún àwọn àgbà àti àwọn ẹni tuntun ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí fọ́ọ̀mù ọdọọdún ní ojú ibi tí ènìyàn yóò ti kọ ọ́ pé òun kọ́ ẹnì kan níṣẹ́, kí ó sì ní máàkì. Nínú àdéhùn pẹ̀lú kọngílá, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé agbálẹ̀ gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà, àti pé yóò láǹfààní láti dá owó ní alájẹṣẹ́kù. Bí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá tẹnu mọ́ ọn, kò ṣòro.

Èyí tí ó kan ẹgbẹ́ tiwa wà níbẹ̀ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n lè kà já geere. Ìwé pélébé olójú ewé 16 kò kọjá agbára wa: bí a ti ń ka ìwé owó oṣù, ohun tí "KIV" túmọ̀ sí, lẹ́tà tí a gbọ́dọ̀ fi pamọ́, ohun tí onídùúró ń fọwọ́ sí gan-an, ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ bí owó kò bá pé. Àwọn òṣìṣẹ́ ni kí ó sọ ohun tí yóò wọ inú rẹ̀, kí àwa kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ wa bá wa yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò. A lè fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ lé àwọn tí ń gbá ilẹ̀ ẹ̀ka wa lọ́wọ́, ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.